Àfẹ́sọ́nà Yìnyín

Ọlálérè Bámgbóyè kò fọwọ́ kan yìnyín orí òkun rí. Gbogbo Ìlá ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti jẹ́wọ́.

Ọjọ́ ìkórè ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Kánádà, òun àti Esther ìyàwó rẹ̀ padà wálé, àlùfáà sì ní kó wá sọ fún àwọn ọ̀dọ́ irú iṣẹ́ tó ṣe lókè òkun. Àwọn ọ̀dọ́ wá, àwọn àgbà tẹ̀lé wọn. Àwọn Mùsùlùmí náà yà wá. Sànúsí télọ̀ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló bá wá. Òun ló rán agbádá tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀, ó fẹ́ wo bó ṣe jókòó léjìká rẹ̀.

Ọlálérè sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ó ní ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, òkun máa ń dì. Omi á le débi pé ọkọ̀ ojú omi kò ní lè là á kọjá. Bí ìgbà ooru bá dé, á tún máa yọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mọ ibi tó dì dé lọ́dọọdún, àti bó ṣe nípọn tó. Ó ní sátẹ́láìtì wà lójú sánmọ̀ tó ń ríran kọjá ìkùukùu, tó sì ń ríran nínú òkùnkùn, nítorí lọ́hùn-ún, oòrùn lè má yọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó ní àwọn náà a máa gbé ọkọ̀ òfuurufú fò lórí yìnyín, wọ́n á máa ta ìtànṣán sí i, ìtànṣán á fara gbá a, á padà wá bá ẹ̀rọ. Bí ìtànṣán bá ṣe tètè padà sí ni wọ́n fi ń mọ bí yìnyín ṣe yọrí lójú omi tó. Èyí tó yọrí ni wọ́n sì fi ń ṣírò èyí tó rì.

Inú ìjọ dùn. Ìyá Bọ́láwùmí, tó dàgbà jù nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nawọ́ sókè.

"Ọlálérè ọmọ mi, tí o bá fọwọ́ kàn án, báwo ló ṣe ń tutù sí?"

Ọlálérè wo òrùlé. Ó wo bàtà rẹ̀.

"Mà, n kò fọwọ́ kàn án rí."

"O ò fọwọ́ kàn án?"

"Rárá, mà. Láti òkè la ti ń wò ó."

"Ọdún mélòó lo fi wò ó?"

"Ó sún mọ́ ọgbọ̀n, mà."

Ìyá kọjú sí ìjọ. "Ẹ gbà mí o! Ọkọ tó fẹ́ mi sọ́nà, bàbá mi gbé àdá sẹ́nu ọ̀nà pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mí. Kò pé oṣù mẹ́ta, ó fọwọ́ kàn mí!"

Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú. Àlùfáà fi ìwé orin bojú. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ọlálérè dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, agbádá tuntun àti gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bàbá ìyàwó tèmi ló le ju bàbá yín lọ, mà."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Àfẹ́sọ́nà Yìnyín.

Ìtàn yìí ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ní pálọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló dákẹ́, lórí ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi mú, ilé ti kún. Ẹni tó bá wọlé á sunkún, á jókòó. Ẹlòmíràn á ní, "Ẹ rántí ọjọ́ ìkórè?" Ẹkún á di ẹ̀rín, ẹ̀rín á tún padà di ẹkún.

Níta, ọkọ̀ tó ń gbé òkú lọ sí mọ́ṣúárì ti dé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún. Olúkúnlé, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ló ránṣẹ́ pè é. Kẹ́misọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlálérè bí, wà ní Kánádà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, dókítà sì ní kò tíì gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó lè tó oṣù méjì kó tó dé. Òkú á máa wà nínú yìnyín dè é. Bí àwọn onígbàgbọ́ ṣe ń ṣe é nílùú báyìí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àfi Sànúsí. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló jókòó sí, ó gbé fìlà lé orúnkún. Olóògbé ti rán an níṣẹ́: kí wọ́n má gbé òun sínú yìnyín. Òun nìkan ló gbọ́ ọ. Mùsùlùmí ni, kì í ṣe ẹbí. Ẹni tó sì rán an níṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ kó má fi àwàdà sí i. Bí ọkọ̀ yẹn bá gbéra kí òun tó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ó la ẹnu. Wàsílátù ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Òdìkejì ṣọ́ọ̀bù Sànúsí ni Wàsílátù ti ń ta ẹja inú yìnyín. Ọlálérè fẹ́ràn ẹja; ibi tí ẹja ń gbé ni kò fẹ́ràn. Orí bẹ́ǹṣì Sànúsí ló ti ń ná an, títì wà láàárín wọn, ọ̀kadà ń kọjá.

"Wàsílátù! Ẹja apá òsì yẹn, yìnyín ara rẹ̀ ti pọ̀ jù. Omi lo fẹ́ tà fún mi."

"Bàbá, ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ wò ó."

"Mo ti rí i."

"Ẹ kúkú fọwọ́ gbé e wò!"

"Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mi."

"Ẹ̀yin tí ẹ fi yìnyín jẹun láyé, ẹ wá ń sá fún un?"

"Ọdẹ tó bá mọ ẹfọ̀n ní í gungi, Wàsílátù."

Wàsílátù á rẹ ẹja sómi, yìnyín á yọ́, ọjà á wò ó. Nígbà mìíràn, Ọlálérè á jàre. Nígbà mìíràn, yìnyín á yọ́ tán, ẹja á sì tóbi bó ṣe tóbi. Ọlálérè á ní ìkùukùu ló bo ojú òun.

"Ìwọ tí o ní ó ń ríran kọjá ìkùukùu?" Sànúsí á bi í.

"Sátẹ́láìtì ni mo sọ. N kò dárúkọ ara mi."

Pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Wàsílátù fi ìdí gèlè nu ojú. Sànúsí nìkan ló mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Sànúsí kúrò, ó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ọlálérè ń bá ìwé lọ títí ìwé fi gbé e kọjá òkun. Láti kékeré lòtútù ti jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ọwọ́ rẹ̀ á wú, á máa yún un, ìyá rẹ̀ á máa fi òrí pa á. Lọ́hùn-ún, bí ọkọ̀ wọn bá balẹ̀ sórí yìnyín, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ gbẹ́ ihò láti mọ bó ṣe nípọn, òun á ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ṣọ́ ẹ̀rọ.

"Ta ló fẹ́ jí i gbé lórí òkun?" Sànúsí bi í nígbà kan.

"Ẹranko béárì," ni Ọlálérè fi dá a lóhùn.

Akínlabí, awakọ̀ ọkọ̀ òkú, yọjú láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Epo mi ń jó."

"A ń bọ̀," ni Olúkúnlé wí.

Sànúsí tún la ẹnu. Obed náà ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Obed ń sin adìyẹ lẹ́yìn ìlú. Lọ́dún tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, tí àwọn àgbẹ̀ ń wá omi kiri, Ọlálérè ní òun á bá wọn wá a láti òkè. Ó fi ọparun àti ọ̀rá ṣe ohun tí atẹ́gùn ń gbé fò, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fokùn fà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ó gbé e sáfẹ́fẹ́, fóònù ya àwòrán ìlú. Ọlálérè na ìka sí àwòrán náà.

"Ẹ wò ó! Adágún ni! Ẹ̀ ń sunkún omi, ẹ lómi lẹ́yìnkùlé!"

Àwọn àgbẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n tẹ̀ lé e. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ibi tó ń dán. Páànù tuntun tí Obed ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bo ilé adìyẹ ni.

"Mo bá jáde sí wọn," ni Obed wí. "Mo ní, 'Bàbá, ẹ káàbọ̀ sétí òkun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra wẹ̀, kí ẹ má dẹ́rù ba àwọn ẹja mi.' Àkùkọ sì kọ."

Ọlálérè ló kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Ó ní ṣe ló rán òun létí iṣẹ́. Ní ìgbà ooru lọ́hùn-ún, omi tó yọ́ a máa dúró lórí yìnyín. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkè á rò pé yìnyín ti tán, òkun ló kù. Àwọn ti pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, yìnyín sì wà níbẹ̀. Ó ní, "Láti òkè, gbogbo ohun tó bá ti ń dán, ẹ má tètè gbé kẹ́ẹ̀gì."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn ni ilé pa lọ́lọ́, bí ìgbà tí gbogbo èèyàn jọ rántí pé ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní yàrá. Olúkúnlé dìde. Ó fi orí ṣe àmì sí Akínlabí.

Sànúsí dìde níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ọlálérè ní kí ẹ má gbé òun lọ sí mọ́ṣúárì."

"Kí lo wí?"

"Ó ní kí ẹ sin òun kíá. Bí àwa ṣe ń ṣe é."

Olúkúnlé wò ó. "Sànúsí. Ìwọ àti Lérè, láti kékeré lẹ ti ń dápàárá. Ṣé ti òní náà nìyí?"

"Kì í ṣe àpárá, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́?"

"Èmi àti òun."

"Àti ta ni?"

Sànúsí kì í purọ́. Ó ronú. "Àti ẹ̀rọ ìránṣọ."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Bí Ọlálérè ṣe máa ń ṣe èèyàn nìyẹn. Kódà nígbà tó kú, ẹni tó bá ń jíṣẹ́ rẹ̀ á dà bí aláwàdà.

"O fẹ́ ká sin ọmọ Bámgbóyè wéré bí ẹni sin adìyẹ," ni Olúkúnlé wí, "kí ọmọ rẹ̀ má fojú kàn án mọ́? Àṣà tiyín nìyẹn. A ò bá yín jà sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa."

"Kì í ṣe ti ẹ̀sìn," ni Sànúsí wí. Ó sì sọ bó ṣe jẹ́.

Àwọn mẹ́ta ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn tẹ́lẹ̀: òun, Ọlálérè, àti Ọlátúbọ̀sún, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọlálérè a máa sọ fún wọn pé yìnyín ní ọmọdé, ó ní àgbà. Ọmọdé ni èyí tó dì lọ́dún yìí, iyọ̀ òkun ṣì wà lára rẹ̀. Àgbà lèyí tó ti la ìgbà ooru kọjá, tí iyọ̀ ti ṣàn kúrò lára rẹ̀, tó sì nípọn. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àgbà pọ̀ nínú àwòrán. Ọdọọdún ni wọ́n ń dín. "Wọ́n ń lọ," ni yóò wí, "èèyàn kò sì lè ṣe ju kó máa wò." Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Ọlátúbọ̀sún lọ.

Mọ́ṣúárì ni wọ́n gbé e sí títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi kun ilé, tí wọ́n fi ṣe géètì. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde, Ọlálérè àti Sànúsí lọ wò ó. Omi dídì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ọlálérè wò ó, ó sì fẹ̀yìn rìn jáde. Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó bu omi gbígbóná láti inú fúláàsì rẹ̀, ó mu ún.

"Sànúsí, kí wọ́n má ṣèyí fún mi. Kí wọ́n sin mí bí wọ́n ṣe ń sin ẹ̀yin."

"Kúkú wá ṣe Mùsùlùmí."

"Àwẹ̀ yín ni n kò lè gbà."

Sànúsí rẹ́rìn-ín. Ọlálérè kò bá a rín in. Ibẹ̀ ni Sànúsí ti mọ̀.

"Èmi àti yìnyín," ni Ọlálérè wí, "láti òkèèrè la ti ń bá ara wa ṣọ̀rẹ́. Kó má wá sún mọ́ mi nígbà tí n kò ní lè sá."

Nígbà tí Sànúsí sọ ọ́ tán, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olúkúnlé pàápàá tẹ orí ba. Ṣùgbọ́n ó ní, "Mo gbọ́. Kẹ́misọ́lá ńkọ́? Ta ni yóò sọ fún un pé a ti bo bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀? Akínlabí, jẹ́ ká lọ."

Àwọn méjèèjì wọ yàrá. Ilẹ̀kùn pa dé. Sànúsí dúró sí ibi tó wà. Ó ti jíṣẹ́. Iṣẹ́ kò jẹ́.

Ó pẹ́ díẹ̀. Olúkúnlé nìkan ló jáde.

"Esther," ó pe ìyàwó àbúrò rẹ̀, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti àárọ̀. "Ta ló wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un?"

"Èmi ni, sà."

"Méjì lórí ara wọn?"

"Òtútù ń mú un ní òru àná, sà. Nígbà tó dákẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tutù lọ. Mo tún wọ èkejì lé e."

Ilé gbóná lọ́sàn-án yẹn débi pé àwọn èèyàn ń fi ìwé àdúrà fẹ́ra. Olúkúnlé jókòó. Ó mú gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

"Ẹ pe ọmọ náà," ó wí. "Ohun tó bá sọ, òun la máa ṣe."

Wọ́n pe Kẹ́misọ́lá. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ṣí ohùn fóònù sókè, wọ́n gbé e lé orí tábìlì. Wọ́n gbọ́ ọmọ tuntun tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Purity ni wọ́n sọ ọ́. Sànúsí tún iṣẹ́ náà jẹ́, ó kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Mo fẹ́ rí ojú wọn," ni Kẹ́misọ́lá wí. "Bàbá Ìbráhímù, ṣé ohun tí mò ń béèrè pọ̀ jù ni?"

"Kò pọ̀ jù, ọmọ mi," ni Sànúsí wí.

"Ẹ ní nítorí òtútù ni?"

"Òtútù ni."

Ọmọ ń ké. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ ohùn kan tí wọn kò mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí yìnyín bá ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n á fi mọ́tò gbé mi lọ síbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Gbogbo bàbá á sọ̀ kalẹ̀. Dádì mi á wà nínú mọ́tò, wọ́n á tan ooru sílẹ̀, wọ́n á máa juwọ́ sí mi láti inú gíláàsì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, 'Mò ń ṣiṣẹ́.'"

Wàsílátù bú sẹ́kún.

"Ẹ má gbé wọn lọ," ni Kẹ́misọ́lá wí. "Ẹ sin wọ́n lọ́la."

Olúkúnlé ní, "A ti gbọ́, ọmọ mi. O ṣeun." Akínlabí jáde láti yàrá, ó bọ́ síta. Wọ́n gbọ́ tó pa ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá Ìbráhímù, ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ rí wọn kẹ́yìn, yàtọ̀ sí Mọ́mì?"

"Èmi ni. Lánàá, lẹ́yìn ìrun alásárì."

"Ẹ wá sọ ọ́ fún mi. Gbogbo ẹ̀. Ohun tí mo máa fi rọ́pò ojú wọn nìyẹn, ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀."

Sànúsí fa àga sún mọ́ fóònù. Kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Fìlà búlúù ló dé. Ó ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́. Ó ra àgbàdo sísun lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá, ó fún mi ní ìdajì, ìdajì tó jóná."

"Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀," ni Kẹ́misọ́lá wí.

"Mo ń wá bí n ṣe máa fi òwú sí abẹ́rẹ́. Ojú mi ti ń ṣú. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì fi í síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó fi yangàn sí mi."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ó ní kí n máa mú abẹ́rẹ́ mi wá sílé òun láràárọ̀, bí aláìsàn ṣe ń lọ gba oògùn. Lẹ́yìn náà, ó fi àwòrán Purity hàn mí nínú fóònù. Ó ní etí òun ni ọmọ náà mú wá sáyé. Mo ní kò sí ọmọ tuntun tí kì í ní irú etí yẹn. Ó bínú. Ó yọ fìlà kí n lè wo etí òun dáadáa."

"Ẹ wò ó?"

"Mo wò ó. Etí rẹ̀ ni."

Wọ́n gbọ́ tó ń fi nǹkan nu imú.

"Ó wo sánmọ̀ apá Ọ̀tan, ó ní òjò kò ní rọ̀."

"Ṣé ó rọ̀?"

"Ó rọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ó ti délé kó tó rọ̀."

Kẹ́misọ́lá rẹ́rìn-ín, gbogbo pálọ̀ sì bá a rín in, jẹ́jẹ́. Esther náà rín in, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà.

"Báwo ni wọ́n ṣe lọ?"

Sànúsí fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

"Ó jẹ àgbàdo rẹ̀ tán. Ó ní, 'Sànúsí, o ti ń ránṣọ yìí láti àárọ̀, ta ni yóò wọ̀ ọ́, erin?' Mo ní kó máa lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ ń wá a. Ó ní òótọ́ ni. Ó gbọn irun àgbàdo kúrò lára ṣòkòtò, ó fọwọ́ ti èjìká mi, ó dìde, ó sì lọ."